Láptọ́ọ̀pù mi ò rí fódà mi lórí sáfà yunifásítì, ẹ ràn mí lọ́wọ́

akẹ́kọ̀ọ́gboyè

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ó ti gba ọjọ́ mẹ́ta gbáko lọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ ìwádìí oyè kejì ni mò ń ṣe, gbogbo dátà mi àti orí mẹ́ta tí mo ti kọ ló wà lórí sáfà yunifásítì, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí wọ́n ń kó fáìlì gbogbo wa pamọ́ sí, nínú fódà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún mi. Tí mo bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láàbù, mo kàn máa ṣí H: ni, gbogbo ẹ̀ á ti wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí láptọ́ọ̀pù tèmi, Windows 11 Home ló wà lórí ẹ̀, ó kọ̀ jálẹ̀. Mo lo Map network drive, mo tẹ orúkọ sáfà sí i bó ṣe wà nínú ìwé tí wọ́n fún wa, ó á yí yí yí, ó á wá ní òun ò rí i. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀ ó á ní kí n tẹ páswọ́ọ̀dù, tí mo bá tẹ̀ ẹ́ á tún béèrè, mo tẹ̀ ẹ́ títí ó fi sú mi. Íntánẹ́ẹ̀tì mi dáa o, mò ń wo fídíò lórí ẹ̀ láìdúró. Ṣé sáfà wọn ló bàjẹ́ ni àbí láptọ́ọ̀pù mi? Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi fẹ́ rí orí kẹrin lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

ọmọ_tẹkinọ́lọ́jì

Ó ṣe èmi náà rí. Ẹ lọ sí Turn Windows features on or off, ẹ wá SMB 1.0 níbẹ̀, ẹ mú un, ẹ pa firewall tó ń dáàbò bo láptọ́ọ̀pù náà, ẹ wá restart. Kíá ló máa ṣí.

Bàbá_Sáfà

Rárá o àbúrò mi. Ẹ̀yin tí ẹ béèrè ọ̀rọ̀ yìí, ẹ dákun ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú sáfà fáìlì, mo sì fi ojú ara mi rí ohun tí SMB 1 lè fà. SMB ni èdè tí kọ̀ǹpútà fi ń bá sáfà fáìlì sọ̀rọ̀, SMB 1 ni ti àtijọ́ pátápátá, ihò tó wà nínú ẹ̀ ni kòkòrò WannaCry gbà wọlé ní May 2017 tó fi ti fáìlì àwọn èèyàn pa káàkiri ayé, ó dé ọsibítù ní Ìlú Ọba, iṣẹ́ dúró. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé Microsoft ti gbé àtúnṣe ẹ̀ jáde láti March ọdún yẹn, àwọn tí ò tíì fi sórí kọ̀ǹpútà wọn ló kàgbákò. Látìgbà Windows 10 ẹ̀dà 1709 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí yọ SMB 1 kúrò. SMB 2 tàbí 3 ló yẹ kí sáfà yunifásítì máa sọ báyìí, SMB 3 tó bá Windows 8 jáde ní 2012 ló sì mọ bí wọ́n ṣe ń bo dátà lójú ọ̀nà kí ẹlòmíì má lè kà á. Tí sáfà kan bá wá ní àfi SMB 1 dandan, àwọn ICT ni kí ẹ fi ẹjọ́ ẹ̀ sùn, ẹ má ṣí láptọ́ọ̀pù yín sílẹ̀ nítorí ẹ̀. Firewall náà, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ó ku ọ̀rọ̀ tiyín. Nǹkan méjì lẹ kó pọ̀ mọ́ra wọn. "Mi ò rí i" ọ̀tọ̀, "tẹ páswọ́ọ̀dù" ọ̀tọ̀. Tó bá ní òun ò rí i, láptọ́ọ̀pù yín ò tíì dé ẹnu ọ̀nà sáfà rárá. Tó bá ń béèrè páswọ́ọ̀dù, ó ti débẹ̀, ó ti kanlẹ̀kùn, ẹni tó wà nínú ilé ló ń bi í pé ta nìyẹn, ìdáhùn tí ẹ fún un ni kò gbà. Ẹ rántí dáadáa, ṣé kì í ṣe ìgbà tí VPN, ìyẹn ọ̀nà àdáni tí a fi ń wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yunifásítì láti ìta, bá wà ní títàn ló ń béèrè páswọ́ọ̀dù, tó sì jẹ́ ìgbà tí VPN ò sí ló ń ní òun ò rí i?

ọmọ_tẹkinọ́lọ́jì

Ẹ ṣé sà, mi ò mọ ti WannaCry yẹn. Mo ti ń lọ yọ ọ́ kúrò lórí tèmi báyìí.

akẹ́kọ̀ọ́gboyè

Bàbá, òótọ́ lẹ sọ! VPN wà lórí láptọ́ọ̀pù mi lóòótọ́, ìgbà tí mo bá fẹ́ ka ìwé ní láíbìrì nìkan ni mo máa ń tàn án, mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ fódà kàn án. Alẹ́ àná tí mò ń ka ìwé náà ló béèrè páswọ́ọ̀dù.

òṣìṣẹ́_láàbù

Ó kàn án gan-an ni. Sáfà fáìlì ò dà bíi wẹ́ẹ̀bùsáìtì tí gbogbo ayé lè ṣí, inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì yunifásítì ni wọ́n fi í pamọ́ sí, ẹni tó bá wà níta àfi kó gba VPN wọlé, VPN yẹn ni yóò jẹ́ kí sáfà máa wo láptọ́ọ̀pù yín bíi pé inú ọgbà ló wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí ẹ bá wà nínú ọgbà ṣùgbọ́n tó jẹ́ Wi-Fi àlejò lẹ so mọ́, ẹ ò ní rí sáfà. Tí ẹ bá rìnrìn àjò lọ sí yunifásítì míì, tí eduroam, Wi-Fi tí ọ̀pọ̀ yunifásítì jọ ń lò, sì gbà yín wọlé pẹ̀lú orúkọ ilé ìwé tiyín, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwọn lẹ wà yẹn o, ẹ ṣì máa tan VPN. Èyí máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú nítorí orúkọ Wi-Fi ò yàtọ̀ sí ti ilé.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun míì, ẹ tan VPN, ẹ ṣí PowerShell (ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows), ẹ tẹ èyí, ẹ fi orúkọ sáfà tiyín rọ́pò èyí tí mo kọ síbẹ̀:

Test-NetConnection files.example.edu -Port 445

Ẹnu ọ̀nà tí SMB ń gbà ni 445 yẹn. Ìlà tó gbẹ̀yìn nínú èsì tó máa jáde ni kí ẹ wò, TcpTestSucceeded. Tó bá ní True, ọ̀nà ṣí, ẹ fi ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì sílẹ̀ kí ẹ lọ dojú kọ orúkọ àti páswọ́ọ̀dù. Tó bá ní False, ẹ má wulẹ̀ tẹ páswọ́ọ̀dù kankan, kò sí ẹni tó ń gbọ́ yín. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì ló máa ń dí 445 pa, ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí íntánẹ́ẹ̀tì yín ṣe lè dáa tó, láìsí VPN kò lè ṣiṣẹ́. Orúkọ sáfà náà, ẹ tẹ ẹ́ ní kíkún títí dé ìparí. Lórí kọ̀ǹpútà láàbù, "files" lásán lè tó torí ó ti mọ ilé tó ti wá, láptọ́ọ̀pù yín ò mọ̀ ọ́n.

akẹ́kọ̀ọ́gboyè

Mo ṣe é. Láìsí VPN ó ní False, mo tan VPN ó ní True. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Ṣùgbọ́n ó ṣì ń béèrè páswọ́ọ̀dù, mo tẹ orúkọ tí mo fi ń wọlé sí kọ̀ǹpútà láàbù àti páswọ́ọ̀dù ẹ̀, kò gbà. Ṣé torí pé Windows Home ni mo ń lò ni? Ẹnì kan ní àfi kí n ra Pro.

Bàbá_Sáfà

Ẹ má ná owó yín o. Ohun tí Home ò lè ṣe ni kó di ọmọ domain yunifásítì, ìyẹn kí àwọn ICT máa darí ẹ̀ bíi kọ̀ǹpútà láàbù. Ti ká so fódà sáfà mọ́ ọn, Home ń ṣe é dáadáa.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Kọ̀ǹpútà láàbù ti mọ̀ pé ọmọ yunifásítì lòun, tí ẹ bá tẹ "orukọ" lásán yóò bá yín fi orúkọ domain, bí orúkọ ìdílé yunifásítì, sí i. Láptọ́ọ̀pù yín, àjèjì ni. Tí ẹ bá tẹ orúkọ lásán, ó lè gbé e lọ bíi pé akáǹtì orí láptọ́ọ̀pù yín ló ń wọlé, sáfà á ní òun ò mọ ẹni yẹn rí. Torí náà, nínú Map network drive ẹ mú Connect using different credentials, kí ẹ kọ orúkọ yín pẹ̀lú orúkọ domain níwájú, báyìí: DOMAIN\orukọ, tàbí kó rí bí í-méèlì, orukọ@example.edu. Ọ̀kan nínú méjèèjì lẹ máa rí nínú ìwé tí wọ́n fún yín. Àmì tó wà láàárín yẹn, èyí tó tẹ̀ sẹ́yìn ni o, \, kì í ṣe /. Mo ti rí ọ̀mọ̀wé tó jókòó ti nǹkan yìí fún wákàtí méjì gbáko torí àmì kan ṣoṣo yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣe é láti Command Prompt kí ẹ lè rí nọ́ńbà tó máa gbé jáde, fèrèsé tó ń fò sókè yẹn kì í sọ gbogbo òtítọ́:

net use Z: \\files.example.edu\akekoo /user:DOMAIN\orukọ *

Ìràwọ̀ tó wà níparí yẹn ló máa jẹ́ kó béèrè páswọ́ọ̀dù, kò ní hàn lójú bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ẹ má bẹ̀rù. Nọ́ńbà tó bá gbé jáde, ẹ kọ ọ́ síbí. 53, kò rí ọ̀nà. 67, ó rí sáfà ṣùgbọ́n orúkọ fódà tí ẹ kọ ò sí níbẹ̀. 1326, orúkọ tàbí páswọ́ọ̀dù ò tọ́. 5, ó mọ̀ yín, ẹ ò ní àṣẹ sí fódà yẹn, ẹni tó ni fódà ló lè fi orúkọ yín sí i, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe lórí láptọ́ọ̀pù. 1219, ẹ ti fi orúkọ míì wọlé sí sáfà kan náà, Windows kì í sì gba orúkọ méjì lẹ́ẹ̀kan sí sáfà kan, ẹ tọ́jú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, ẹ tẹ net use * /delete kó já gbogbo ẹ̀, ẹ wá tún bẹ̀rẹ̀.

akẹ́kọ̀ọ́gboyè

1326. Mo fi DOMAIN sí i, mo tún gbìyànjú ti í-méèlì, 1326 náà ni. Páswọ́ọ̀dù yìí ni mo fi ń wo í-méèlì yunifásítì, ó ń gbà níbẹ̀.

ìyá_ìbejì

Àbúrò mi, ṣé ẹ pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù láìpẹ́ yìí? Ẹ lọ sí Control Panel, Credential Manager, Windows Credentials, ẹ wò ó bóyá orúkọ sáfà yẹn wà níbẹ̀. Tó bá wà, ẹ tẹ Remove. Láptọ́ọ̀pù lè ti fi páswọ́ọ̀dù àtijọ́ pamọ́ láti ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ mú Remember, kó máa gbé e lọ fún sáfà léraléra láìsọ fún yín.

akẹ́kọ̀ọ́gboyè

Ìyá ìbejì, ẹ wò ó, ó wà níbẹ̀! Mo pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù mi níbẹ̀rẹ̀ sẹmẹ́sítà yìí. Mo yọ ọ́, mo tún tẹ̀ ẹ́, nọ́ńbà yí padà, ó di 1909.

Bàbá_Sáfà

1909 ni pé wọ́n ti ti akáǹtì yín pa fúngbà díẹ̀ torí páswọ́ọ̀dù tí ò tọ́ ti pọ̀ jù. Sáfà gbà pé olè ló ń gbìyànjú. Ọ̀pọ̀ ibi ló jẹ́ pé tí ẹ bá fi í sílẹ̀ fúngbà díẹ̀ á ṣí fúnra ẹ̀, ibòmíì àwọn ICT ló máa bá yín ṣí i. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó ń kanlẹ̀kùn yẹn. Fóònù yín ńkọ́? Wi-Fi yunifásítì tó wà lórí fóònù, páswọ́ọ̀dù àtijọ́ ló ṣì wà níbẹ̀? Í-méèlì orí tábílẹ́ẹ̀tì? Gbogbo nǹkan tí ẹ bá ti fi páswọ́ọ̀dù àtijọ́ sí ló ń lọ kanlẹ̀kùn lẹ́yìn yín, bí wọ́n bá ṣí akáǹtì yín láàárọ̀, wọ́n á tún tì í kó tó di ọ̀sán. Nínú gbogbo ẹjọ́ tó ń dé ọ̀dọ̀ mi lẹ́yìn tí àwọn èèyàn bá pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù, fóònù ló wà nídìí èyí tó pọ̀ jù.

Ẹ wo aago láptọ́ọ̀pù yín náà. Tó bá fi ju ìṣẹ́jú 5 yàtọ̀ sí ti sáfà, Kerberos tó ń ṣe ìdánimọ̀ máa kọ̀ yín, páswọ́ọ̀dù ì báà tọ́.

ìyá_ìbejì

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Mac bíi tèmi, ó rọrùn díẹ̀. Inú Finder, ẹ tẹ Command pẹ̀lú K, ẹ kọ smb://files.example.edu/akekoo, ẹ wọlé. Àmì / tó kọjú síwájú ni ti Mac o. Páswọ́ọ̀dù àtijọ́ tiwa, inú Keychain Access ló máa ń sá pamọ́ sí. Ohun kan tún wà tí inú ẹ̀ kì í dùn mọ́ àwọn tí a jọ ń lo fódà, Mac máa ń fi fáìlì kékeré kan tó ń jẹ́ .DS_Store sílẹ̀ nínú gbogbo fódà tó bá wọ̀, àwọn tó ń lo Windows á wá máa rí i. Ẹ tẹ èyí ní Terminal lẹ́ẹ̀kan, ẹ jáde kúrò nínú akáǹtì yín kí ẹ tún wọlé, kò ní fi sílẹ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́:

defaults write com.apple.desktopservices DSDontWriteNetworkStores -bool TRUE

iPhone náà lè ṣe é láti iOS 13, inú Files, ẹ tẹ àmì kékeré mẹ́ta tó tẹ̀lé ara wọn (...), ẹ mú Connect to Server.

linux_ni_tèmi

Kí wọ́n má gbàgbé wa. Tó bá jẹ́ ká kàn wò ó lásán, ẹ ṣí ibi tí ẹ ti ń wo fáìlì, ẹ tẹ Ctrl+L, ẹ kọ smb://files.example.edu/akekoo. Tí ẹ bá fẹ́ kó dúró síbì kan, ẹ fi cifs-utils sórí ẹ̀ kí ẹ wá tẹ:

sudo mount -t cifs //files.example.edu/akekoo /mnt/safa -o credentials=/home/emi/.safa,uid=$(id -u),vers=3.0

Inú fáìlì .safa yẹn lẹ máa kọ username=, password= àti domain= sí, ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi chmod 600 tì í kí ẹlòmíì má lè kà á. Ẹ má gbàgbé uid yẹn, láìsí i root ló máa ni gbogbo fáìlì, ẹ ò ní lè kọ nǹkan kan sínú ẹ̀.

Mo fẹ́ràn nǹkan yìí gan-an torí ibi tó ti wá. Akẹ́kọ̀ọ́ ló bẹ̀rẹ̀ Samba, èyí tó jẹ́ kí sáfà Unix lè máa sọ èdè SMB. Andrew Tridgell ń ṣe PhD ní Australian National University ní Canberra, nígbà tí 1991 ń parí lọ sí 1992, PC tó ń lo DOS ló ní, ó fẹ́ kó rí fáìlì tó wà lórí sáfà Unix. Ohun tí ẹ̀yin ń wá lónìí gan-an ni òun náà ń wá.

òṣìṣẹ́_láàbù

Tó bá ti ṣí, ẹ fetí sí èyí kí ẹ má bàa tún pàdánù iṣẹ́. Ẹ má ṣiṣẹ́ lórí fáìlì ńlá tààrà láti orí Z: nígbà tí ẹ bá wà lórí VPN. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i tàbí tí ẹ bá sééfù ni láptọ́ọ̀pù àti sáfà ń bára wọn sọ̀rọ̀ lọ bọ̀ lọ bọ̀, tí VPN bá já láàárín fáìlì lè bàjẹ́. Ẹ kó o wá sórí láptọ́ọ̀pù, ẹ ṣe é, ẹ dá a padà. Tí dátà yín bá jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì wẹ́wẹ́, ẹ kó wọn sínú zip kan ṣoṣo kí ẹ tó gbé e, ìyàtọ̀ ẹ̀ á yà yín lẹ́nu. Tó bá pọ̀ gan-an:

robocopy Z:\data C:\data /E /Z /R:3 /W:5

/Z yẹn ló ń jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé tí ọ̀nà bá já. /R àti /W ẹ má fojú kéré wọn, tí ẹ ò bá kọ wọ́n, robocopy á gbìyànjú fáìlì kan tó kọ̀ ní ìgbà mílíọ̀nù 1, á sì máa dúró fún sẹ́kọ́ńdì 30 láàárín ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ ò ní rí òpin ẹ̀. Ẹ sì yẹra fún /MIR, ó máa ń pa ohun tí ò bá sí níbi tó ti ń kó nǹkan bọ̀ rẹ́ níbi tó ń kó o lọ.

ìyá_ìbejì

Mo fẹ́ fi tèmi kún un torí ó ká mi lára. Fáìlì tí ẹ bá pa rẹ́ lórí sáfà kì í lọ sí Recycle Bin láptọ́ọ̀pù yín. Ó lọ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi nígbà tí mo wà níbi tí mo ti ṣe oyè mi, ọ̀sán ọjọ́ kan mò ń tún fódà ṣe lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, mo mú "orí kejì àtijọ́" mo tẹ Delete, Windows bi mí pé ṣé títí láé, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo wá rí i pé àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, tuntun ni mo pa. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ọmọbìnrin kan tó jókòó nítòsí mi ló sáré wá, ó tẹ ráìtì klíìkì lórí fódà yẹn, ó mú Properties, ó mú Previous Versions, a rí àwòrán fódà náà bó ṣe wà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, bó ṣe wà lánàá, bó ṣe wà níjẹta. Ó ṣí ti àárọ̀, orí kejì mi jókòó síbẹ̀, mo fà á jáde. Ẹ wò ó lónìí bóyá sáfà tiyín ní i, ẹ má dúró dìgbà tí nǹkan bá sọnù.

akẹ́kọ̀ọ́gboyè

Ẹ̀yin ará, ó ti ṣí o!!! Fóònù ni lóòótọ́, páswọ́ọ̀dù àtijọ́ ló wà lórí Wi-Fi ẹ̀, mo ní kó gbàgbé Wi-Fi yẹn, mo fi nǹkan bí ìdajì wákàtí dúró, mo tẹ net use, ó ní The command completed successfully. Z: jáde, orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀, dátà wà níbẹ̀. Mo wo Previous Versions, ọjọ́ 14 sẹ́yìn ló wà níbẹ̀. Mo ń kó dátà wá sórí láptọ́ọ̀pù lọ́wọ́ báyìí pẹ̀lú robocopy. Bàbá, ìyá ìbejì, gbogbo yín, ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á san yín lẹ́san.

Ìbéèrè kan ló kù, mo restart láptọ́ọ̀pù láti wò ó bóyá á dúró, Z: wá ní àmì X pupa. Ṣé ó ti tún bàjẹ́ ni?

Bàbá_Sáfà

Kò bàjẹ́. Windows ti gbìyànjú láti so ó kí VPN yín tó tàn ni, kò sì rí ọ̀nà. Ẹ kọ́kọ́ tan VPN, ẹ wá tẹ Z: lẹ́ẹ̀mejì, X yẹn á kúrò. Tí ẹ bá ṣe tán, ẹ ti gbogbo fáìlì tí ẹ ṣí lórí Z: kí ẹ tó pa VPN, ẹ má ṣe pa VPN ṣáájú.